Òróró Lójú Bíréèkì

Ẹ̀rù tó ń ba Mákánjúọlá kì í ṣe ẹ̀rù tuntun. Láti ilé ló ti gbé e wá. Nígbà tó wà ní Ìkìrun, kì í wọ odò kọjá orúnkún. Nígbà tó dé Houston, kì í wọ freeway kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó kúkú gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé Oldsmobile tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ní dé orí ọ̀nà ńlá náà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè sí i lẹ́yìn. Ọkùnrin náà yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó, ó di síárìn mú títí ọlọ́pàá fi wá kan gíláàsì.

Ọlọ́pàá ní, "Kí ló ṣe ọkọ̀ yín, sà?"

Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ lọ sí daycare. Á já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Bùnmi, ẹ má jà o. Bí wọ́n bá gba oúnjẹ yín, ẹ sọ fún tíṣà." Mákánjúọlá á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún wo ọ̀tún, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iwájú ilé iṣẹ́ ni wọ́n wà, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà, ilẹ̀ ló ń nù ní ilé ọ́fíìsì gíga kan ní Westchase. Ọdún tí epo rọ̀bì já lulẹ̀ ni. Àjà tó kún fún ènìyàn lọ́dún tó kọjá ti di òfìfo, àga nìkan ló ń wo ara wọn. Ẹni tó bá ṣì níṣẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n á ní kó máa pẹ́ lọ sílé. Mákánjúọlá kò pẹ́ dé rí, nítorí ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó pẹ́.

Àfi bí wọ́n ṣe yí àsìkò iṣẹ́ Ọmọ́yẹni padà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Bó ti ń bu ìrẹsì fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló là á mọ́ ọn.

"Láti Monday tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ ò tí ì ní mọ́ tí Sẹ̀kínát á fi wá gbé mi. Àwa méjèèjì la jọ wà ní ṣíìfù kan náà báyìí. Ọkọ̀ á wà nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa wà á lọ síbi iṣẹ́."

Mákánjúọlá gbé ṣíbí, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ wa. Èyí tí ẹ máa ń di ìlẹ̀kùn rẹ̀ mú bí ọmọ tó di ọmú ìyá mú."

Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí òkúta wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó di Saturday, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òpópónà kejì, níbi tí òyìnbó kan ti kó ẹrù àlòkù síwájú ilé láti tà. Ó padà dé tòun ti kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan.

Ọmọ́yẹni jáde sí ẹnu ọ̀nà apartment wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Kẹ̀kẹ́? Ní Houston? Níbi tí wọ́n ti ń wa mọ́tò lọ mú lẹ́tà lẹ́nu géètì?"

"Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn," ni ó wí. "Kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́. Ṣé ó mọ dídúró?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà Westchase kò jìnnà bí kò ṣe pé afárá kan wà láàárín, tó gun orí bayou kọjá, odò tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ nídìí. Bí ènìyàn bá gun afárá náà tán, ìsàlẹ̀ ló kù, ìsàlẹ̀ náà sì já sí oríta tí mọ́tò ti ń ṣe fààfàà. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú níbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ni wọn ó gbọ́.

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà kò sì jọ èyí tí Mákánjúọlá mọ̀. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun, rọ́bà méjì ló ń tẹ irin táyà mọ́ra. Ti èyí, àwo irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bóòtù so mọ́ àárín táyà ẹ̀yìn, ó tó ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, ó ń dán yinrinyinrin. Bí ènìyàn bá fún ọwọ́ bíréèkì, páàdì méjì á há àwo náà sáàárín, bí ìgbà tí ìyá bá fi ìka méjì há etí ọmọ aláìgbọràn. Ẹni tó tà á ní dísìkì ni wọ́n ń pè é, pé ti mọ́tò ni wọ́n wò ṣe é. Gbólóhùn yìí ló jẹ́ kí Mákánjúọlá rà á. Òun náà ló jẹ́ kó máa fura sí i.

Ní ọjọ́ Sunday, ó tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n háyà ní Bissonnet, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Àṣà wọn ni pé ohun ìrìnnà tuntun kì í wọ àárín wọn kí wọ́n má ta òróró sí i. Wọ́n ti ta á sí Cadillac. Wọ́n ti ta á sí ọkọ̀ tí Arákùnrin Àrẹ̀mú fi ń kó koríko. Wọn ò tí ì ta á sí kẹ̀kẹ́ rí.

Bàbá Ọlọ́runyọmí, alàgbà àgbà, yí kẹ̀kẹ́ náà po nínú sùtánà funfun rẹ̀. "Arákùnrin Mákánjúọlá, èyí tí wọ́n ń gùn ni ká ta òróró sí, àbí ẹni tó ń gùn ún?"

"Ẹ ta á sí àwa méjèèjì, sà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kán òróró ẹyọ kan sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbàdúrà, ó dé ìgò. Mákánjúọlá ṣì na ọrùn.

"Ìkán kan tó," ni Bàbá wí. "Ọlọ́run kò dití."

Ó yẹ kó tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mákánjúọlá délé, ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà, ó ń rò ó. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ta òróró sí, ṣé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá ni yóò pa èèyàn ni? Níbo gan-an ni ewu wà? Ó wo táyà. Ó wo ìjókòó. Ojú rẹ̀ bọ́ sí dísìkì. Ó dìde, ó wọlé jẹ́jẹ́, ó mú ìgò òróró olífì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbàdúrà, ó fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú sí ojú dísìkì níhìn-ín, ó yà á sí i lọ́hùn-ún. Nígbà tó rí i pé àgbélébùú náà kò kárí, ó fi pa á yí ká. Ó bá ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe mu pẹ̀lú: Saturday kì í lọ ní Ìkìrun kí bàbá rẹ̀ má fi àdín pa ṣéènì kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kò sì jù ú sílẹ̀ rí. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday, Ọmọ́yẹni ní kí àwọn dán kẹ̀kẹ́ wò. Lẹ́yìn apartment wọn, ọ̀nà tóóró kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ láti orí òkè bayou. Ó bọ́ ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan, ó gbé e sí ìsàlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró tì í bí adìẹ abẹ́ òjò.

"Bàtà mi yìí ni oríta," ó ké sí òkè. "Bí ẹ bá dúró kí ẹ tó dé ibí, oníkẹ̀kẹ́ ni yín. Bí ẹ bá kọjá, ọlọ́kọ̀ ni yín. Ẹ ṣe é ní wẹ́rẹ́, mo ní ọbẹ̀ lórí iná."

Mákánjúọlá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó fún bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ dún ṣììì, bí ìgbà tí omi bá kán sí ìdí ìkòkò gbígbóná, ó sì ń lọ. Ó fún un sí i. Ó ń lọ. Ó kọjá bàtà, ó kọjá ẹni tó ni bàtà, ó wọ inú igi òdòdó tí àwọn onílé gbìn, ó dúró síbẹ̀, ewé lórí, ewé létí.

Ọmọ́yẹni tiro dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Bùnmi, ṣé Westchase nìyí?"

"Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Ẹ kí Ọ̀gá yín fún mi o."

Ṣùgbọ́n ó fún un láyè kan sí i. Ó ní tó bá di Saturday, kí àwọn tún un dán wò. Bí kẹ̀kẹ́ bá tún kọjá bàtà òun, kó gba kọ́kọ́rọ́ Oldsmobile, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lórí freeway.

Láti ọjọ́ náà ni Mákánjúọlá ti wá ń kó sí wàhálà. Lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ta òróró sí dísìkì, á gùn ún yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká, kò ní dúró. Á ní bóyá ìgbàgbọ́ òun ni kò tó, á tún ta òróró sí i. Ẹ̀rù ń mú un ta òróró, òróró ń mú kẹ̀kẹ́ sáré, ìsáré náà tún ń bí ẹ̀rù. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé dísìkì náà ń mì bó ti ń yí. Ó fi òòlù nà án kó lè tọ́. Ó tún wá wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lára páàdì.

Nígbà tó di Friday, ó gbà pé apá òun kò ká a. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà, kò gùn ún, títí dé ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kan ní Bellaire. Helen ló ni ín, opó aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sí Houston níbẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Àrùn oríkèé ti mú ìka rẹ̀, kò lè di súpánà mú dáadáa mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò ní àrùn kankan.

Ó fi ìka kan dísìkì. Ó fi ìka náà sí imú.

"Òróró olífì," ni Helen wí. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé sàláàdì lo fẹ́ ṣe ni?"

Mákánjúọlá wo ìlẹ̀kùn. Ó rò ó bóyá kó sá. Dísìkì rẹ̀ ló rán an létí pé bí òun bá gùn ún sá, òun kò ní lè dúró. Ó bá sọ òótọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro. Ó ní òróró àdúrà ni. Ó ní nítorí ewu ni.

Ó ń retí ẹ̀rín. Helen kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà, a máa ń ta òróró sí aláìsàn," ó ní. "Iwájú orí la máa ń ta á sí. A kì í ta á sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú kí wọ́n tó kúrò níbi pẹpẹ."

Ibẹ̀ ló wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, Mákánjúọlá náà sì rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Helen là á yé e. Ó ní bíréèkì yìí, lílẹ̀ tí páàdì lẹ̀ mọ́ dísìkì ni agbára rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń yọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ òróró mímọ́, ìbáà jẹ́ òróró tí wọ́n fi ń dín ẹja. Páàdì wọ̀nyí ti mu òróró yó, wọn kò ṣe é lò mọ́. Dísìkì náà ìbá ṣe é fọ̀, àmọ́ ta ló fi òòlù nà án? Mákánjúọlá tún wo ìlẹ̀kùn.

"Kẹ̀kẹ́ onídísìkì kò wọ́pọ̀," ni Helen wí. "Dísìkì ẹyọ kan ló kù nínú ẹrù mi, tòun ti páàdì rẹ̀. Kò sí òmíràn. Ọwọ́ mi kò ṣe é lò, ìwọ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ so ó. Bí o bá bà á jẹ́, o ó máa fẹsẹ̀ rìn."

Mákánjúọlá gba súpánà.

Ó tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, ó yọ táyà náà jáde. Ó tú bóòtù dísìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ bí ẹni ń to ẹyin. Ó fẹ́ fi ọwọ́ gbá dísìkì tuntun mú, Helen sì kígbe mọ́ ọn.

"Etí! Etí ni kí o ti mú un! Ọ̀rá wà ní ọwọ́ gbogbo ọmọ ènìyàn, má tún fi tìrẹ kún un."

Ó mú un létí. Helen fún un ní sípírítì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, àti aṣọ funfun tí kò tí ì kan epo rí. Ó nu dísìkì náà níwájú, ó nù ún lẹ́yìn. Ó gbé e sí àyè rẹ̀, ó fi ọwọ́ yí àwọn bóòtù náà mọ́ ọn. Ó fẹ́ fún èyí àkọ́kọ́ le pátápátá.

"Rárá. Díẹ̀ fún tibí, kí o kọjá sí èyí tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, díẹ̀ fún un. Kí o tún padà. Bí o bá fún ẹ̀gbẹ́ kan yó, á wọ́."

Eléyìí yé Mákánjúọlá kíá. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran fún orogún ni: díẹ̀ fún ìyáálé, díẹ̀ fún ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Ó ń fún bóòtù kiri bẹ́ẹ̀. Ó tún un yẹ̀ wò. Ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi súpánà tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá èyí tó ń purọ́ wà nínú wọn.

"Ó ti tó," ni Helen wí.

Ó tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Mo ní ó ti tó! Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, àwọn tí kì í fún un le tó ni mò ń bá jà. Ìwọ, bóòtù ló máa bẹ̀ ọ́."

Wọ́n dá táyà padà, wọ́n fi páàdì tuntun sí i. Helen ní kó yí táyà náà, kó máa wo àlàfo tó wà láàárín páàdì àti dísìkì. Ibi tí ojú Mákánjúọlá ti wúlò gan-an nìyí. Ọkùnrin tó ń wo ọ̀tún, wo òsì, wo ọ̀tún kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wólẹ̀ ti táyà, ó wo àlàfo tó tín-ín-rín bí irun. Ó rí ibì kan tó fẹ́ kan páàdì. Helen alára fi gíláàsì ojú wò ó kó tó rí i. Mákánjúọlá fi aṣọ mú dísìkì náà létí, ó rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó yí i, ó wò ó. Kò kàn án mọ́.

"Wàyí o," ni Helen wí, "páàdì àti dísìkì kò tí ì mọ ara wọn. Lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Gùn ún, fún un díẹ̀, tú u sílẹ̀, má dúró pátápátá. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi gbọ́ra wọn yé. Lẹ́yìn èyí, sípírítì àti aṣọ mímọ́, kò sí ohun mìíràn. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, o mọ ibi tí iwájú orí rẹ wà."

Nígbà tó délé, Ọmọ́yẹni gbé imú sókè. "Ẹ ń rùn bí ọsibítù. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ọ̀dọ̀ Helen."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó di dandan kó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀, tòun ti òróró. Kò tí ì rò ó dé ibi òòlù tí Ọmọ́yẹni fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fi ìdí aṣọ nu ojú.

"Mo sì ń wò ó bí ìgò mi ṣe ń fà! Mo ní ọkọ mi ti di alágbára nínú àdúrà! Mo ti lọ fi yín yangàn fún Sẹ̀kínát!"

Ilẹ̀ mọ́, ó di Saturday. Mákánjúọlá ti kẹ̀kẹ́ gun òkè bayou. Ó wo ìsàlẹ̀. Ọmọ́yẹni ti gbé bàtà kalẹ̀, ó ti bọ́ sẹ́yìn. Mákánjúọlá tún wò ó, nítorí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Bàtà náà kò sí níbi tó wà lọ́jọ́ Tuesday. Ọmọ́yẹni ti gbé e jìnnà sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí igi òdòdó.

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ọkàn kan ní kó dákẹ́. Ìrànlọ́wọ́ ni, ta ló ń kọ ìrànlọ́wọ́? Ọkàn kejì ní oríta Westchase kò ní sún sẹ́yìn fún òun lọ́jọ́ Monday.

"Ìyá Bùnmi! Dá bàtà yẹn padà síbi tó wà!"

"Ibi tó wà náà nìyí!"

"Irọ́ ni! Mo mọ ibi tó wà! Gbé e sókè!"

Ó gbé e sókè díẹ̀.

"Tún gbé e!"

"Bàbá Bùnmi, ẹ̀yin lẹ ń bá ara yín jà o!" Ṣùgbọ́n ó gbé e. Nígbà tó nàró tán, kò dápàárá mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú. "Tàbí kí ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́ níbi iṣẹ́, kí wọ́n dá mi padà sí ṣíìfù àtijọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa bọ̀."

Kẹ̀kẹ́ ti ń lọ. Afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Ó fún ọwọ́ bíréèkì, díẹ̀, lẹ́yìn náà gidi. Dísìkì náà han gooro, igbe tó mú kí ajá kan máa gbó nínú apartment, táyà sì jáwọ́ nínú yíyí. Kẹ̀kẹ́ dúró. Mákánjúọlá gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó wo iwájú. Ààyè ẹni méjì ṣì wà láàárín òun àti bàtà.

Ọmọ́yẹni wá wọ bàtà rẹ̀.

"Ó ń ké ju ẹ̀yin alára lọ," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Mo ń lọ sí Westchase báyìí," ni Mákánjúọlá wí. "Mo fẹ́ mọ ọ̀nà kó tó di Monday."

"Lónìí? Báyìí?"

"Báyìí."

Ó yí kẹ̀kẹ́ jáde sí títì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, ó lọ. Ó gun afárá, ó sọ̀ ọ́, ó fún bíréèkì kó tó yẹ kó fún un, ó dúró níwájú iná pupa ní oríta, mọ́tò ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹja. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ fèrè lẹ́yìn, fèrè púpọ̀, ti àwọn tí inú ń bí.

Ó wẹ̀yìn. Oldsmobile ni. Ó ń rá bí ìgbín lẹ́yìn rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ń ṣẹ́jú, ìlà mọ́tò gígùn tò tẹ̀lé e. Ọmọ́yẹni di síárìn mú gírígírí, ó yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Máa lọ sílé!" ni Mákánjúọlá kígbe. "Ò ń dí ọ̀nà!"

"Kì í ṣe ọ̀nà yín!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe padà. "Iná ti yí o! Iwájú ni kí ẹ wò!"

Ó kọjú síwájú, ó tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.